Eyín Tí Mo Pè Ní Àkọ́hù

Eyín mi ní àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti ìyá mi, bẹ́ẹ̀ náà ni ti gbogbo ẹni tó mu omi kànga abúlé wa lẹ́bàá ìlú Akparé dàgbà. Nígbà tí mo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Atakpamé, àwọn ẹgbẹ́ mi ní ata gígún ni mo fi ń fọ eyín. Ojú tì mí gidigidi, mo sì búra pé bí mo bá bímọ, eyín tirẹ̀ á funfun báláú.

Mo bímọ lóòótọ́, obìnrin kan ṣoṣo, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀gà. Omi inú ọ̀rá nìkan ni mo ń fún un mu. Bó bá ń lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá mi, mo máa ń di àpò omi náà sẹ́yìn takisi tẹ̀ lé e. Ìyá mi á wo àpò náà, á ní: "Omi tó tọ́ ọ dàgbà ló wá di májèlé lónìí?" Eyín ọmọ mi kúkú funfun. Bó bá ṣe dáadáa nílé ìwé, mo fún un ní bọ́nbọ́n oníṣúgà. Bó bá sunkún, bọ́nbọ́n náà ni. Ẹ̀rín rẹ̀ ni mo fẹ́ràn láti máa rí.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún méje, eyín kan nínú lọ́hùn-ún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo rí ihò dúdú, síbẹ̀ ọkàn mi balẹ̀. Àkọ́hù ni, mo wí fún ara mi. Á ká, òmíràn á hù. Oṣù mélòó kan ni mo fi ń fún un ní omi oníyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fi ṣan ẹnu. Ìyá mi wá kí wa, ó ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ní: "Eyín yìí ò sí níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Tuntun ni. Gbé e lọ sílé ìwòsàn." Mo ní kó fi mí sílẹ̀, èmi tí mo kàwé. Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ lówùúrọ̀, á ṣẹ lálẹ́: ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi wú bí ẹni tó sọ òkèlè sẹ́nu.

Dókítà eléyín yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fi pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀yìn àwọn àkọ́hù ni eyín yìí ti máa ń jáde bí ọmọ bá tó ọdún mẹ́fà, kò sì ní arọ́pò. Ihò náà ti jìn ju èyí tí a lè dí lọ; àfi ká yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí èmi náà la ẹnu. Kò rí ihò kan ṣoṣo. Ó ní ohun kan wà nínú omi ilẹ̀ láwọn ibì kan, fúlúọ́ọ̀ lorúkọ rẹ̀. Díẹ̀ rẹ̀ ń mú eyín le, àpọ̀jù rẹ̀ ló ń fún un ní àbàwọ́n. "Ẹ má wá sáré lọ pọn omi kànga o, Madámù. Ọṣẹ ìfọyín tó ní in wà lọ́jà. Bọ́nbọ́n ni kí ẹ yé fún un."

Ìyá mi ò dúró gbọ́ apá ìkẹyìn yẹn. Bí mo ṣe sọ lórí fóònù pé omi kànga wa ń mú eyín le, ó ti pa fóònù. Kó tó di ọ̀sán, ọlọ́kadà ti já bídọ̀ọ̀nù méjì tó kún fún omi kànga sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹ̀rín àti ẹkún gbà mí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ mi ò sunkún nígbà tí wọ́n yọ eyín náà lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí a délé ló bi mí pé: "Màmá, ìgbà wo ni tuntun máa hù?" Irọ́ ti dé ètè mi, mo gbé e mì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Kò ní hù mọ́, ọmọ mi. Ẹ̀bi mi ni. Ìyá àgbà sọ fún mi, mi ò gbọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí." Omijé dà lójú mi.

Ó fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ nù mí lójú. "Ẹ má sunkún mọ́, Màmá. Àwọn tó kù ṣì pọ̀." Ó sì la ẹnu kí n kà wọ́n.