Bí Veikko Ṣe Kó Àwọn Ikọ̀ Ńlá Wá Bá Wa

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Agate Point nípa olóògbé Veikko Harjula, akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ họ́kì orí yìnyín ti kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ìtàn sọ́nà ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín.

Garrett Moynihan, akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ tó gba ife-ẹ̀yẹ lọ́dún tó kọjá, wá pẹja ní adágún wa nígbà ooru. Veikko pè é sínú sọ́nà, yàrá ooru tí wọ́n ti ń làágùn, tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Àwọn méjèèjì ró tówẹ̀lì, wọ́n jókòó. Veikko bu omi sórí òkúta gbígbóná, ooru sọ fùù.

"Àbúrò, ẹ ó wá bá wa gbá họ́kì níbí lóṣù kẹwàá?"

"Níbí kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa."

Veikko tún bu omi.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti tó báyìí o!"

"Fúráìdé àti Sátidé."

"Fúráìdé nìkan!"

Omi tún dà. Moynihan dìde, àmọ́ Veikko ló jókòó ti ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ó sanra gan-an.

"Ó dáa, méjèèjì! Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́!"

Moynihan sáré bẹ́ sínú adágún. Bó ṣe yọrí báyìí, Veikko ti dúró létí omi. "Ṣé òtẹ́ẹ̀lì lẹ máa sùn ni, àbí kí Helmi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì?" Helmi ni ìyàwó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré lọ́kàn rẹ̀ o. Dókítà Pickard, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, ti sọ pé bí gbọ̀ngàn họ́kì bá tún ṣófo lọ́dún yìí, òun máa tú ikọ̀ náà ká. Níbi ìpàdé kan, àwọn kan ní kí Veikko pe àwọn ikọ̀ tí ò lágbára, ká lè máa borí.

"Ta ló máa jáde nínú òtútù wá wo ẹni tó ń na ọmọ ọwọ́?" Veikko bínú jáde níbẹ̀.

Ó wá ń wá àwọn alágbára kiri. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan kọ̀, kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́, Veikko bá pe ìyá ọkùnrin náà. "Mà, ọmọ yín ń sá fún wa." Lọ́jọ́ kejì gan-an lọmọ náà pè, ó ní àwọn ń bọ̀.

Nígbà tí ètò ìdíje jáde, ikọ̀ mẹ́fà tó le jù lórílẹ̀-èdè ló tò tẹ̀ léra wọn. Dewey, tó ń ṣọ́ gólì ikọ̀ wa, kà á tán, ó jókòó sílẹ̀ gbàgà.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni?"

"Ta ló fẹ́ pa ẹ? Ṣé ẹsẹ̀ tiwọn kì í yọ̀ lórí yìnyín ni? Dìde jàre!"

Ó sì kọ́ àwọn ọmọ ikọ̀ wa débi pé àwọn fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í halẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ló sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kò jí mọ́. Ó dùn wá wọra.

Moynihan pe Cormac, balógun ikọ̀ wa. "Bàbá ni mo bá ṣàdéhùn. Bí ẹ bá fẹ́, ká fi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bú yín."

"Bọ̀dá Garrett, ṣé ẹ̀rù ti ń bà yín ni?"

Moynihan bú sẹ́rìn-ín. "Veikko gan-an ló ń sọ̀rọ̀ yìí. À ń bọ̀."

Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ìjókòó fún gbogbo ìdíje náà ti tán pátá. Dókítà Pickard fúnra rẹ̀ dé láàárọ̀ yìí, ó ń wá àyè. Helmi ló wà lójú fèrèsé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

"Ìdúró ló kù o, Dókítà."

"Màá dúró," ni ọ̀gá wí. Ó fọwọ́ kan ọwọ́ opó náà. "Lọ́dún tó ń bọ̀ náà, màá tètè wá rà á."

Helmi dúpẹ́, ó ti fèrèsé, ó wá sunkún níbẹ̀. Ó ní ká má bẹ òun, ayọ̀ ni, àti pé òun ò rẹ́ni tóun máa sáré lọ sọ ọ́ fún nílé.