“Ìyàwó Wa” Lára Àwo Orin

Lọ́dún tó kọjá, òyìnbó kan pè mí lórí fóònù láti ilẹ̀ Faransé, ó ní òun ń wá Madámù Ìyáwówà. Mo ní mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kò lè ṣe kí n má mọ̀ ọ́n, pé bàbá mi ló gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní Agbonou, ìlú wa, àti pé òun fẹ́ tún àwọn àwo náà tẹ̀. Ìgbà tó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kejì ni mo tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Ìyàwó wa. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì ní kó fún mi láyè, n ó padà pè é.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ gbé orin síkà ti ilẹ̀ Jàmáíkà dé agbègbè Atakpamé ní ilẹ̀ Tógò. Akọ̀wé ilé ẹrù ni ní èbúté Lomé, ọwọ́ àwọn atukọ̀ ló sì ti ń ra àwo. Nígbà tó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan wálé, ó fi ẹní bo ògiri yàrá ẹ̀yìn, ó ní iṣẹ́ tó kù fún òun ni kí òun máa gbé àwo jáde. Ìyá rẹ̀ gbọ́ “síkà”, ó ní ta ló ń kọ́ ọmọ òun láti ṣìkà. Ó gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ àlùfáà Kátólíìkì, bàbá mi sì ní láti lọ ṣàlàyé pé ijó lásán ni.

Gìtá ló fún un ní wàhálà jù. Nínú síkà, gìtá kì í bọ́ sórí ìlù, àárín ìlù méjì ló máa ń bọ́ sí. Àwọn onígìtá wa kò lè ṣe é. Bàbá mi bá kó wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí àwọn obìnrin ti ń gún fufu, ó ní, “Nígbà tí ọmọ odó bá wọ inú odó, ẹ dákẹ́. Tó bá gòkè, ẹ ta á.” Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n mọ̀ ọ́n. A jẹ fufu lọ́sẹ̀ yẹn títí ó fi sú wa.

Ìyàwó àbúrò bàbá mi wà lára àwọn tó ń gún un. Òun ló pọ̀n mí dàgbà. Bó ṣe ń gún ló ń kọrin, bàbá mi ní kó fi ọmọ odó sílẹ̀ kó wọlé. Láti ọjọ́ náà, òun ló kọ gbogbo orin tí ayé fi mọ bàbá mi, ní èdè Ifẹ̀ wa ti ilẹ̀ Tógò.

Àwọn tó mọ̀ nípa orin máa ń sọ pé ọgbọ́n bàbá mi ló fa síkà falẹ̀ di rọ́kìsítẹ́dì, orin tó rọra ju síkà lọ, níbí. Ọgbọ́n kọ́. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà, mo wà níbẹ̀. Aboyún oṣù méje ni akọrin náà, èémí rẹ̀ kò gbé eré yẹn mọ́. Ó jókòó, ó ní bí wọn ò bá ní rọra, òun ń padà sídìí ọbẹ̀ òun. Bàbá mi bínú, ó ní ó fẹ́ ba àwo jẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n rọra. Àwo yẹn ló tà jù.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní Accra, ní ilẹ̀ Gánà, ìwé kan dé tí bàbá mi ní láti kọ orúkọ akọrin sí. Ìyàwó wa ni gbogbo ilé ń pè é, kò sẹ́ni tó ń pe obìnrin tí a gbé wálé lórúkọ. Ohun tó mọ́ bàbá mi lẹ́nu náà ló kọ, ó so ó pọ̀, kò fi àmì kankan sí i. Wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bàbá mi wo ilé, ó gbàgbé orúkọ. Mi ò rò pé ó ní ibi lọ́kàn. Kò ro nǹkan kan rárá, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọkọ rẹ̀ kú. Ẹbí ní kí àbúrò ọkọ kan ṣú u lópó, bàbá mi sì fọwọ́ sí i. Obìnrin náà kọ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Elavagnon, kò sì kọrin fún bàbá mi mọ́ títí bàbá mi fi kú. Àwo ń tà lọ ní orúkọ ìyàwó wa.

Èmi ni mo jogún àwọn tẹ́ẹ̀pù, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni ìwé àdéhùn òyìnbó náà wá. Orúkọ tí mo bá fọwọ́ sí ni yóò wà lára àwo tuntun. Mo lè fọwọ́ sí i kí n jókòó sílé mi. Mo wọkọ̀ lọ sí Elavagnon.

Mo bá a níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, “Wo ọmọ tí mo pọ̀n, ó ti hu ewú.” Mo kúnlẹ̀ kí i ní Tantí, ìyẹn àǹtí lédè Faransé, mo ṣàlàyé.

“Kí ni yovó náà, òyìnbó ẹ yẹn, kọ síbẹ̀?”

“Tantí, ìyàwó wa ni.”

Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i. “Ìyàwó ta ni?”

Mo yọ ìwé àdéhùn náà, mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀.

“Kí wọ́n kọ bàbá ẹ síbẹ̀,” ó ní. “Ó ṣiṣẹ́, etí rẹ̀ sì dáa. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kú bí ìyàwó ilé tí mo ti kúrò. Orúkọ tí bàbá tèmi sọ mí ni kí wọ́n kọ.”

Mo mú bíírò, ìgbà náà ni mo mọ̀ pé mi ò mọ orúkọ náà. Obìnrin tó pọ̀n mí. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó. Mo bi í, ó sọ ọ́ fún mi.

Mo pe òyìnbó náà níbẹ̀, mo ní orúkọ rẹ̀ gan-an ni kó kọ. Ó ní Ìyáwówà ni àwọn olùrà mọ̀, bóyá kí òun kọ èkejì ní kékeré sí abẹ́ rẹ̀. Mo ní bí kò bá jẹ́ orúkọ yẹn nìkan, kò sí tẹ́ẹ̀pù. Ó ní ó dáa, kí n pe orúkọ náà kí òun gbọ́.

Ẹnu mi kọ̀. A kì í pe ẹni tó jù wá lọ lórúkọ, bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn.

“Pè é,” Tantí ní. “Èmi ni mo ní kí o pè é.”

Mo pè é. Òyìnbó ní òun ò gbọ́ dáadáa. Mo tún un pè. Ìgbà kẹta, mo fi gbogbo ohùn mi pè é, Tantí sì gbójú sókè kúrò nínú ẹ̀wà, ó dáhùn, “Òo.”