Àmín láti orí bẹ́ǹṣì Ring Road

Iṣẹ́ wà ní Ring Road. Kúnlé mọ̀. Ràṣídì mọ̀. Fúnmi àti Ṣadé mọ̀. Èmi tí mo dá gúrúùpù àwa tí à ń wáṣẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp nìkan ni ò mọ̀!

Òfin kan ṣoṣo la ní: bó o bá gbọ́ pé iṣẹ́ wà níbì kan, kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú gúrúùpù kó o tó lọ. Kí nǹkan tó le báyìí, gbogbo wa là ń tẹ̀ lé e. Ní báyìí, àdúrà nìkan ló kù níbẹ̀.

Lónìí, mò ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti Challenge, mò ń fi CV sílẹ̀ ní ọ́fíìsì tí n kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Mo ṣílẹ̀kùn ọ̀kan ní Ring Road, mo bá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń dúró de ìntáfíù.

"Kúnlé, ìwọ náà?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí Bísí. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ gbà."

"Ìyẹn lẹ ṣe sá fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ já fáfá jù nínú wa. Bẹ́ ẹ bá wá, ta ló máa wojú wa?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó sún fún mi.

Mo jáde, mo ṣí gúrúùpù. Láàárọ̀ ni mo gbàdúrà síbẹ̀ pé kí Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ fún gbogbo wa. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe Àmín, kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni wọ́n ti ṣe é.

Mo wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó tó di alẹ́ Fúráìdé, kí kálukú sọ iṣẹ́ tó ń fi pamọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, màá ti gúrúùpù yẹn pa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa sọ fún mi?