Ẹ̀rọ Mẹ́jọ Lábẹ́ Kòkó Bàbá Mi

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi ní yunifásítì kò gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ọdún kan àbọ̀ ni mo ti fi jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí mò ń ṣètò bí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké ṣe lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà. Ọ̀gá ka ìwé tí mo kọ tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Ó dára. Àmọ́ inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Òjò kì í rọ̀ níbẹ̀. Lọ gbé e sí oko gidi."

Oko gidi tí mo mọ̀ kò ju ọ̀kan lọ, oko kòkó bàbá mi ní Ìsàn-Èkìtì. Mo di ẹ̀rọ mẹ́jọ sínú báàgì, mo wọ mọ́tò dé Ọyẹ́, mo tún há ara mi mọ́ èèyàn márùn-ún nínú takisí kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò pa dé.

Gbogbo àgbẹ̀ kòkó ló mọ̀ pé tí abẹ́ igi bá tutù jù, àrùn á mú èso, á sọ ọ́ di dúdú lórí igi. Ẹ̀rọ mi ni yóò máa wọn ọ̀rinrin abẹ́ igi. Èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ oko á sọ fún èyí tó wà lókè rẹ̀, ìyẹn náà á sọ fún òmíràn, títí ọ̀rọ̀ á fi dé inú kọ̀ǹpútà tí mo gbé sí ahéré. Mo ki ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sínú ike bọ́tà, mo fi okùn so wọ́n mọ́ igi.

Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń wò mí.

"Kí ni uṣẹ́ wọn?"

"Wọ́n á máa sọ fún wa tí abẹ́ kòkó bá ti tutù jù, Bàbá."

"Abẹ́ kòkó tí mo ti ń rìn láti kékeré?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n yíjú padà, wọ́n gba ahéré lọ. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ dùn, torí ẹ̀ẹ̀rùn ò tíì tán. Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ kẹta dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ìkarùn-ún àti ìkẹfà dákẹ́. Mo pààrọ̀ bátìrì. Mo tún ètò inú wọn kọ. Mo tú wọn palẹ̀, mo kó wọn wálé, mo tò wọ́n sí pálọ̀, gbogbo wọn sì ń fọhùn ketekete. Mo kó wọn padà sóko, wọ́n tún dákẹ́. Bí mo ṣe ń lọ tí mò ń bọ̀ nìyẹn, tí ẹrẹ̀ ń mù mí dé orókún.

Ìyá mi ní, "O ò kúkú fi wọ́n sí ulé, nígbà tó jẹ́ pé ulé ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀?"

Mo gbé báàgì mi, mo tún kọrí sóko.

Kí n tó lè pe ọ̀gá mi, mo gbọ́dọ̀ gun àpáta tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, torí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ìlú wa ni, ibẹ̀ nìkan ló sì ti ń mú. Èmi tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìbánisọ̀rọ̀ aláìlówáyà!

"Ewé ni," ni ọ̀gá sọ. "Omi tó wà nínú ewé àti lára rẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ṣé o ò ka—" Fóònù já.

Mo kà á. Mo kàn rò pé kò lè burú tó báyẹn ni. Lálẹ́, nídìí oúnjẹ, mo sọ fún àwọn òbí mi pé ewé ló ń dí ẹ̀rọ mi lọ́nà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé ahéré, mo tan kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ń sọ̀rọ̀. Mo fò sókè. Lẹ́yìn náà ni mo wo àwọn nọ́ńbà. Ọ̀rinrin ti já wálẹ̀ bí ẹni pé a wà láàárín ẹ̀ẹ̀rùn. Mo jáde, mo gbójú sókè, ojú ọ̀run ni mo rí níbi tó yẹ kí n ti rí ewé. Oòrùn ń tàn yòò sára ike bọ́tà mi.

"Bàbá, ta ló rẹ́ ẹ̀ka wọ̀nyí?"

"Èmi ni. Ṣebí o ní ewé ló ń dí wọn lọ́nà?" Wọ́n fi ọwọ́ hàn mí, ẹ̀ka ti bó o láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. "Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é."

Ọ̀rinrin abẹ́ ewé ni mo wá wọ̀n. Kò sí ewé mọ́. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà," mo lọ sẹ́yìn ahéré, mo sunkún ìbínú. Téèyàn bá ń bínú sí ẹni tó ṣe é lóore, kò síbi tó lè gbé ìbínú náà sí.

Mo tún gun àpáta. Ọ̀gá mi gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

"O ní àkọsílẹ̀ ìgbà tí ewé ṣì wà?"

"Mo ní in, sà."

"O ti ní ti ìgbà tí kò sí. Kí lo ń sunkún fún? Kọ ohun tí ewé ń ṣe sí ìbánisọ̀rọ̀. Sáà mọ iye ẹ̀ka tí wọ́n gé."

Àwọn ẹ̀ka ọ̀hún ti wà nínú òkìtì kan ṣoṣo létí oko, n kò sì lè mọ igi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Ni bàbá mi bá mú mi láti ìdí igi kan dé òmíràn, wọ́n ń ka ẹ̀ka tó ti kúrò, ìhà tó kọjú sí, bó ṣe nípọn tó. Wọn ò ṣiyè méjì níbì kan. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, ojú sì ń tì mí díẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gbèjà ìwé náà, ọ̀kan nínú àwọn olùdánwò béèrè ẹni tó wọn ẹ̀ka.

"Bàbá mi ni, sà."

"Kí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n?"

"Ojú, sà."

Wọ́n ní kí n lọ fi tépù wọ̀n ọ́n kí n tó gboyè. Ewé tuntun ti bo ibi gbogbo nígbà tí mo débẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wá ojú ibi tí àdá ti gé kiri, tí bàbá mi di ẹnu kejì tépù náà mú, tí wọn ò sì yé béèrè lọ́wọ́ mi lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan pé, "Ṣé mo parọ́ ni?"