Ohun Tí Màmá Fi Po Ọ̀dà

Òórùn yàrá ìkẹ́rùsí yẹn kò tíì kúrò nímú mi: òórùn pákó tó ti rin tó sì tún gbẹ, ìgbẹ́ ọmọńlé, àti eruku ọyẹ́ tó máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Inú mùsíọ́ọ̀mù kékeré kan ló wà, lójú ọ̀nà tó gba Mayfair lọ sí yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwòrán. Àwọn àwòrán tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ jẹ́ ti màmá kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama níṣẹ́ ọnà kó tó fẹ̀yìn tì sí agboolé bàbá rẹ̀ ní Ìrẹmọ. Orí pílááwúùdù ló ya gbogbo wọn sí. Ọ̀dà ojú wọn ti ń ká sókè bí ewé kòkó tí oòrùn pa. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, màá bá ẹ̀rúnrún pupa, funfun àti aláró nílẹ̀ lábẹ́ wọn. Èyí tó bá sì ti di lẹ́búlẹ́bú nínú wọn, kò sẹ́ni tó lè dá a padà.

Ìwọ náà mọ̀ pé nínú iṣẹ́ wa, a kì í ki ọwọ́ bọ àwòrán tí a ò bá mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Erùpẹ̀ àti ẹ̀lú tí màmá fi ṣe àwọ̀, ojú lásán ti fi ìyẹn hàn mí. Ohun tó fi pò ó, tó mú un lẹ̀ mọ́ pákó, ni mi ò mọ̀. Bó bá jẹ́ ohun tí omi ń yọ́, omi ò gbọdọ̀ kàn án. Bó bá jẹ́ ohun tí sípíríìtì ń yọ́, sípíríìtì á bà á jẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà á rọrùn. Màmá ṣáà wà láàyè, ọpọlọ rẹ̀ sì pé. Kí n lọ bi í ni.

"Oje kajú ni," ló dá mi lóhùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lórí ẹ̀gúsí tó ń bó.

Inú mi dùn. Mo wá oje kajú, mo rẹ ẹ́ sómi, mo pò ó mọ́ erùpẹ̀, mo sì kùn ún sórí pákó kékeré kan títí tó fi gbẹ. Mo wá fi òwú tútù kan igun àwòrán àkọ́kọ́ níbi tí kò hàn sójú. Àwọ̀ rẹ̀ bá òwú wá, gẹ́gẹ́ bíi ti pákó tèmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí èkejì, omi kàn dúró lójú rẹ̀ bí ìrì lójú ewé kókò ni, kò wọlé rárá. Mo padà sí Ìrẹmọ.

"Ẹyin adìẹ ni," ni màmá wí lọ́tẹ̀ yìí. "Pupa inú rẹ̀ ni mo máa ń lò."

Nígbà tí mo tún lọ, ó ní, "Sítáàṣì ni. Ṣé o ò mọ sítáàṣì ni?"

Ọ̀rẹ́ mi, ó sú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá ogbó ń ṣe é, tàbí pé ó kàn ń fi mí ṣeré ni. Ọ̀gá wa náà kò jẹ́ n gbádùn, nítorí ọjọ́ àfihàn àwọn àwòrán náà ti ń sún mọ́lé. Ó ní, "Ṣé gúlúù káfíńtà ò lè mú un ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú sà, mi ò lè fi gúlúù sí i." Ó pòṣé, ó ní ìwé tí mo kà ti pọ̀ jù. Gbogbo ìgbà tá a sì ń fa ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀dà ń já sílẹ̀.

Ìbínú ni mo gbé lọ sọ́dọ̀ màmá lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Mo kí i tán, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èwo gan-an ni òótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé irọ́ ni mò ń pa fún ọ ni?" Ó gbé àwo ẹ̀gúsí rẹ̀, ó wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ mi. Inú oòrùn ni mo dúró sí, tí àwọn ará agboolé ń wò mí.

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe tíṣà ní Mọdákẹ́kẹ́, ló bá mi bẹ̀ ẹ́. Màmá ní òun ò ní dáhùn ìbéèrè kankan mọ́, àfi ká gbé òun lọ síbi tí àwọn àwòrán náà wà. Bá a ṣe gbé e wá nìyẹn. Ó dúró níwájú ti àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Igi kajú kan wà lẹ́yìn kíláàsì wa nígbà tí mo ya èyí." Ó sún sí èkejì. "Mò ń sin adìẹ nígbà yẹn." Ó dé ẹ̀kẹta. "Adìẹ ti kú tán. Sítáàṣì aṣọ iléèwé àwọn ọmọ ni mo bù sí i." Ó wá yíjú sí mi. "Ìgbà tó o wá, o ò sọ àwòrán tó ò ń bèèrè. O kàn ń bi mí ohun tí mo fi pò ó ni."

Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ara tù mí, inú sì tún bí mi: kí ló dé tí kò fi là á bẹ́ẹ̀ látilẹ̀?

Èyí tó tóbi jù ló kù, àwòrán ọmọdébìnrin kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Òun náà ló ti bàjẹ́ jù. Mo ní, "Èyí ńkọ́, mà?" Ọmọ rẹ̀ kẹ̀yìn sí wa, ó ń nu ojú. Màmá ní, "Mi ò mọ̀. Àbúrò eléyìí ni. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín ni mo yà á. Ohun tọ́wọ́ mi bá ni mo fi kùn ún."

Mo kó ẹ̀rúnrún ìdí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ kẹ́mísírì kan ní yunifásítì. A kán ayodíìnì sí ọ̀kan, ó dúdú bíi ti sítáàṣì. A kán an sí òmíràn, kò dúdú. Omi ń yọ́ apá kan. Apá kejì dà bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilé, sípíríìtì ló ń mú un rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n sì wà. Ohun tó máa gba ọ̀kan là ni yóò pa èkejì. A tún àwọn tó kù ṣe, kálukú bó ṣe fẹ́, wọ́n sì dúró dáadáa. Ti ọmọdébìnrin yẹn, àpótí pẹrẹsẹ ni mo ní kí káfíńtà kàn, mo tẹ́ ẹ síbẹ̀, mo kó ohun tó já lára rẹ̀ sínú bébà, mo fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ àfihàn, àyè rẹ̀ ṣófo lára ògiri, ọ̀gá wa kò sì bá mi sọ̀rọ̀. Màmá wò yíká, ó ní kí n mú òun lọ síbi tó wà. Mo ṣí àpótí náà.

"Kò tíì sàn, mà," ni mo wí.

Ó fi ìka kan etí pákó náà. "Má fagbára dá a dúró," ló sọ.

Màmá ti dolóògbé báyìí. Àwòrán náà ṣì wà nílẹ̀ bí mo ṣe tẹ́ ẹ, ó sì ń dùn mí títí dòní, nítorí mo mọ bí mo ṣe lè tọ́jú rẹ̀ bó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fi pò ó. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán lónìí, mi kì í kọ́kọ́ bèèrè ọ̀dà. Àwòrán kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń gbé síwájú rẹ̀, màá bi í pé ibo ló ń gbé nígbà náà, ta ló wà nílé pẹ̀lú rẹ̀, kí ló tán nílé, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Àwọn mìíràn máa ń wò mí bí olófòófó. Kí wọ́n máa wò mí. Nígbà tí wọ́n ṣì lè dá mi lóhùn ni mo fẹ́ bèèrè.