Àpótí Tó Ṣètò Ara Rẹ̀

Inú ṣì ń bí mi. Ọ̀gá wa ni mo kọ́kọ́ ń bínú sí, kó tó wá kan èmi fúnra mi.

Iṣẹ́ òpó fóònù là ń ṣe ní Benin. Èmi ni mò ń gòkè lọ de eriali mọ́ irin, tí mò ń fa wáyà wọn wá sínú àpótí ẹ̀rọ tó ń darí òpó nísàlẹ̀. Bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó mú mi wọ iṣẹ́ náà, ló máa ń gbé fóònù méjì rìn yí àdúgbò ká, tí wọ́n á máa pè láti wò bóyá ìpè á já lójú ọ̀nà. Bí wọn ò bá tíì ní ó dáa, a ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀.

Àfi bí àpótí tuntun ṣe dé. Tí o bá ti tan iná sí i, òun fúnra rẹ̀ á kàn sí ilé-iṣẹ́, á gba ètò rẹ̀, á sì wá àwọn òpó tó múlé tì í. Kì í bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ọ̀gá ní iṣẹ́ Bọ̀dá tán nìyẹn.

Nídìí òpó tá a ṣe ní Upper Sakponba, Bọ̀dá ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n rìn yí eléyìí ká ná. Àpótí ò lójú. Kò lè mọ ibi tí eriali kọjú sí."

"Oga Phone, go house!" ni ọ̀gá wí. "Machine don sabi road pass you."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi ló ròkè jù. Bọ̀dá wò mí, wọ́n ki fóònù bàpò, wọ́n lọ.

Kò pẹ́ táwọn ará Upper Sakponba fi figbe ta. Bí o bá ń sọ̀rọ̀ lọ, tó o kàn yà ní kọ́nà, ìpè á já. Mo padà lọ wò ó: mo ti ki wáyà eriali méjì bọ ojú ihò ara wọn. Àpótí ò mọ̀. Iná rẹ̀ ń tàn wẹ́wẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Mo sọ fún ọ̀gá pé ọwọ́ mi ló ṣe é, pé Bọ̀dá ì bá ti rí i, kó jọ̀ọ́ pè wọ́n padà. "Change am, close mouth," ló fi dá mi lóhùn. Mo pààrọ̀ wáyà méjèèjì. Ni ọ̀gá bá ròyìn fáwọn ọ̀gá tiẹ̀ pé àpótí ti tún ara rẹ̀ ṣe. Tún ara rẹ̀ ṣe! Ọwọ́ mi tó bó lára irin ńkọ́?

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Bọ̀dá rí mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Àbúrò, àpótí yín ńkọ́? Ṣé ó ti ń gun òpó fúnra rẹ̀?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Bọ̀dá, èmi ni mo ki wáyà bọ ibi tí kì í ṣe tiẹ̀."

"Mo kúkú mọ̀. Ṣé kì í ṣe àdúgbò yẹn ni mò ń gbé ni? Ẹ ò tíì jìnnà tí ìpè tèmi ti ń já ní kọ́nà; wáyà tó ṣìnà ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Kí n sọ fún ta? Ṣé fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín?"