Wùmí Di Alágbàtà Ilé Tó Ń Sọ Faransé

Àjàṣẹ́, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, ni wọ́n ti bí Wùmí, kó tó mọ ABD ló sì ti ń fi Faransé bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Nígbà tó bá ọkọ rẹ̀, Bọ̀wálé, dé Houston, ó rò pé èdè náà kò wúlò fún òun mọ́. Ọdún mọ́kànlá ló fi tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ ní daycare kan ní Spring, lẹ́bàá Houston, Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń fi gbogbo rẹ̀ ṣe, àfi tí Paul, ará Kóńgò, bá wá mú ọmọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìgbà yẹn ni Faransé máa ń dùn lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Paul bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun àti ìyàwó òun lọ wo ilé tí wọ́n fẹ́ rà, torí Gẹ̀ẹ́sì wọn kò tíì já gaara. Ilé náà rẹwà. Ìyàwó Paul ti ń ronú ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa wà. Alágbàtà tó mú wọn wá kó ìwé lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n fọwọ́ sí i. Wùmí gbà á, ó ń kà á lọ. Nígbà tó dé ojú ewé kẹta, ó dúró.

“Ẹ má tíì fọwọ́ sí i o,” ó sọ fún wọn ní Faransé. “Wọ́n kọ ọ́ síbí pé omi ti wọ ilé yìí lẹ́ẹ̀mejì.”

Alágbàtà náà kò purọ́, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé. Kò kàn sí ẹni tó là á yé wọn ni. Bí wọ́n ṣe jáde, Paul di ọwọ́ Wùmí mú.

“Tantine, àǹtí wa, kí ló dé tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí?”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí Wùmí rímú mí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì láísẹ́ǹsì ilé títà.

Òfin ilẹ̀ Texas le bí ojú ẹja. Delight, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún, ló di tíṣà rẹ̀.

“Mummy, what is an easement?”

“Ilẹ̀ lè jẹ́ tìẹ, àmọ́ kí aládùúgbò ní ẹ̀tọ́ láti gba ibẹ̀ kọjá.”

“In English, Mummy!”

“Jẹ́ kó kọ́kọ́ yé mi ní Yorùbá ná!”

Nígbà tó kọ́kọ́ ṣe ìdánwò, ìbéèrè méjì péré ni kò jẹ́ kó yege. Bọ̀wálé pè é láti ibi iṣẹ́ ní La Porte.

“Méjì péré? Wùmí, o ti dé ẹnu ọ̀nà. Padà lọ kanlẹ̀kùn.”

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó padà lọ. Ó tẹ bọ́tìnì tó kẹ́yìn, ó dijú. Nígbà tó lajú, ó rí i: PASS. Àwọn ẹlòmíràn ṣì ń ṣe tiwọn, ló bá fọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó rọra rìn jáde títí tó fi dé ibi tó páàkì mọ́tò sí.

“Yéè! Olúwa, o ṣeun!”

Ọkùnrin òyìnbó kan tó ń gé koríko pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó sáré wá. “Ma'am, are you okay?”

“I passed! I passed!”

Ni òyìnbó náà bá ju fìlà sókè, ó bá a pariwo.

Ẹ̀gbọ́n Olúsọjí, alàgbà ìjọ wọn tó ní ọ́fíìsì ilé títà, gbà á sábẹ́ láísẹ́ǹsì tiwọn. “Wùmí, alágbàtà pọ̀ ní Houston bí eèrà. Kí lo máa fi yàtọ̀?”

“Faransé ni, sà.”

Paul ni oníbàárà àkọ́kọ́. Wọ́n wo ilé mẹ́jọ, wọn ò rí èyí tó wù wọ́n. Ẹ̀kẹsàn-án, ní Fulshear, orí ilẹ̀ gíga ló wà, omi kò sì dé ibẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, ìyàwó Paul gbé fóònù káàkiri yàrá kí ìyá rẹ̀ ní Kinshasa lè rí i, ó wá nà án sí Wùmí.

“Ta ló ni ilé yìí?” ni ìyá náà béèrè.

“Ọmọ yín ni, Mama.”

Igbe ayọ̀ kún inú fóònù. Kí Wùmí tó dé orí freeway, nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Lomé, tí Paul fún ní nọ́ńbà rẹ̀, ti ń pe fóònù tirẹ̀. Ó dúró sétí ọ̀nà, ó gbé e.

“Allô? Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Yàrá mélòó lẹ fẹ́?”